Òdòdó Tó Ń Tanná Níbi Tí Oòrùn Kì Í Dé: Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín sí Abẹ́ Igi àti Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá nílẹ̀ Yorùbá, apá kan máa ń wà tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé: abẹ́ máńgòrò tó ti dàgbà, àlàfo tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, ẹ̀yìn ilé ìdáná, ìdí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe síbẹ̀ ni pé kí wọ́n da sìmẹ́ńtì bò ó, tàbí kí wọ́n bẹ́ igi náà lulẹ̀ kí ojú àgbàlá lè là. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Igi ńlá ń mú kí ilé tutù lọ́sàn-án, àwọn òdòdó tó sì fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ọmọ igbó wa gan-an ni àwọn kan nínú wọn. Inú igbó kìjikìji ni wọ́n ti ń tanná kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀.

Bí òdòdó bá ń kú níbi ibòòji, ẹ má tètè di ẹ̀bi ru òkùnkùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, òdòdó tó fẹ́ oòrùn la gbé lọ síbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé gbòǹgbò igi ti fa gbogbo omi ilẹ̀ tán, tí àwa ò sì mọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó na owó kankan fún àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ṣọ́ ibòòji náà

Ẹ yan ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ wo ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní aago méjìlá ọ̀sán àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì ri igi kéékèèké mọ́lẹ̀ níbi tí oòrùn bá dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ tẹ́ bébà funfun sílẹ̀, ẹ na ọwọ́ yín sókè rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Bí òjìji ọwọ́ bá hàn ketekete, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ̀. Bó bá hàn fírífírí, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí ẹ ò bá rí òjìji rárá, ibòòji líle nìyẹn.

Ibòòji tó dára jù lọ fún òdòdó ni èyí tó ń gba oòrùn àárọ̀ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ilé tàbí igi sì bo ó látọ̀sán lọ. Apá ìlà-oòrùn ilé la ti máa ń rí i. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tó ń wà lábẹ́ igi àgbọn tàbí dóńgóyárò, níbi tí oòrùn ti ń yọjú láàárín ewé tí ilẹ̀ sì rí tótòtó. Ibòòji líle ni ti abẹ́ máńgòrò tó ki, àti ti àlàfo tóóró láàárín ògiri méjì. Ibi tí ẹ ò bá ti lè ka ìwé ìròyìn lọ́sàn-án gangan láìtan iná, ẹ má wá òdòdó síbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ bá ju ìyẹn lọ díẹ̀, ewé aláràbarà, bíi caladium tó jẹ́ ìbátan kókò, lẹ lè gbìn síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún apá ìwọ̀-oòrùn. Ó lè wà nínú ibòòji láti àárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago méjì, oòrùn ọ̀sán tó le gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Òdòdó ibòòji kì í fara da èyí, ewé rẹ̀ á jóná létí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ni pé ibòòji máa ń ṣí kiri láàárín ọdún. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.4 lápá àríwá agbedeméjì ayé, Èkó sì wà ní nǹkan bí 6.5. Nítorí èyí, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá orí wa ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ní àwọn oṣù tó kù, apá gúúsù ló máa ń wà. Ẹ jẹ́ ká mú fẹ́ǹsì kan tó ga ní mítà 2, tó na láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Kejìlá, òjìji rẹ̀ á lé díẹ̀ ní mítà 1 lápá àríwá. Nínú oṣù Kẹfà, òjìji náà á ti bọ́ sápá gúúsù, kò sì ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lọ.

Ìtumọ̀ èyí fún wa ni pé apá àríwá fẹ́ǹsì ló sàn jù fún òdòdó ẹlẹgẹ́. Fẹ́ǹsì á máa bò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí oòrùn bá sì wá yí síbẹ̀, ìgbà òjò ti dé, ìkùukùu á máa dín agbára oòrùn kù. Apá gúúsù rí òdì kejì: oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń lù ú jù, lásìkò tí ọyẹ́ náà ń gbẹ ewé. Bí ẹ bá gbin Impatiens (òdòdó ibòòji kan tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú) síbẹ̀ nínú oṣù Kẹfà tó sì dára, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá rọ ní oṣù Kejìlá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò

Abẹ́ igi àti ẹ̀gbẹ́ ògiri kì í ní ìṣòro kan náà.

Lábẹ́ igi, gbòǹgbò ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn gbòǹgbò tí igi fi ń mu omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ewé tó ki lókè tún ń gba òjò wẹ́wẹ́ sára, kí ó tó kán sílẹ̀. Lẹ́yìn òjò kékeré kan, ẹ fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò wò. Ẹ lè rí i pé ó gbẹ táútáú nígbà tí ìyókù àgbàlá ṣì tutù. Ẹ wá ihò tàbí àyè láàárín àwọn gbòǹgbò ńlá, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́. Gbòǹgbò tóóró tí ọkọ́ bá gé kì í pa igi, àmọ́ èyí tó bá ti tó àtàǹpàkò, ẹ yà fún un, kí ẹ gbẹ́ ibòmíràn.

Ẹ má kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ jọ sídìí igi nítorí òdòdó. Ìdí igi tí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ bá bò máa ń jẹrà, gbòǹgbò tí a sì rì mọ́lẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ mí. Ilẹ̀dú tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ti tó, kí ó sì jìnnà sí ara igi. Bí gbòǹgbò bá ti gba gbogbo ilẹ̀, inú ìkòkò ni kí ẹ gbin òdòdó sí. Ìkòkò amọ̀ dára, bẹ́ẹ̀ ni ike ọ̀dà tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e lé orí òkúta mẹ́ta. Bó bá jókòó sórí ilẹ̀ gan-an, gbòǹgbò igi á gba ihò ìdí rẹ̀ wọlé wá jẹ oúnjẹ tí ẹ tọ́jú fún òdòdó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ohun tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ ló ń dààmú ilẹ̀: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì tó ti gan, yanrìn tí kò ní ọ̀rá. Sìmẹ́ńtì ní ẹfun nínú, ó sì ń jẹ́ kí ó nira fún òdòdó láti rí irin fà nínú ilẹ̀. Ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí iṣan inú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ajílẹ̀ lásán kì í wo èyí sàn. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 40 àti jíjìn sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ kó pàǹtírí náà dànù, kí ẹ sì fi ilẹ̀ tuntun dípò rẹ̀.

Ẹ wo òkè pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí kò gba òdòdó, òjò ńlá kan ṣoṣo á ti hú u kúrò nílẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń fa omi, ẹ gbẹ́ ihò kan, ẹ rọ omi kún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ mọ ebè tó ga díẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Ibi tí kò sí oòrùn kì í tètè gbẹ, gbòǹgbò tó bá sì rì sínú omi á rà.

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti lò ni ilẹ̀dú ìdá méjì, ewé jíjẹrà tàbí ìgbẹ́ màlúù tó ti gbó ìdá kan, àti yanrìn odò ìdá kan. Ẹ má lo ìgbẹ́ adìẹ tútù. Ẹ kó o jọ, kí ó gbó fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ewé tó ń wọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi yín náà, ẹ má máa dáná sun ún. Ẹ kó o sínú ihò ní kọ̀rọ̀ kan, kí ẹ máa bu omi sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun náà á di ilẹ̀dú. Ewé máńgòrò máa ń pẹ́ jù, nítorí náà ẹ fi àdá gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ tó kó o síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi kún ìmọ́lẹ̀

Èyí kò gba àkókò. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lára igi, kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ fi ẹfun tàbí ọ̀dà funfun kun ògiri tó dojú kọ ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa ta bọ́ sórí ewé. Nínú àlàfo tóóró láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, ọ̀dà funfun yìí nìkan lè mú kí òdòdó tanná níbi tó ti ń rúwé lásán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan òdòdó tó bá ibẹ̀ mu

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba èyí tí kò yẹ níbẹ̀: bougainvillea, róòsì, hibiscus. Ọmọ oòrùn ni wọ́n. Wọ́n lè wà láàyè lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ àti ewé nìkan lẹ máa rí. Ixora ń fara da ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ òdòdó rẹ̀ á dín kù.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Impatiens ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló ti wá, ó ń tanná pupa, funfun, àlùkò àti àwọ̀ ọsàn, kì í sì í dáwọ́ dúró tí omi bá ti wà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ìdí kan ṣoṣo lè di ogún. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó ìka ọwọ́, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ fi í sínú ife omi níbi tí oòrùn kò ti lù ú. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbòǹgbò á ti yọ. Ẹ gbìn wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 síra wọn, kí ẹ sì já ọ̀mùnú orí wọn nígbà tí wọ́n bá ti ga tó àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n lè pẹ̀ka.

Torenia náà fẹ́ràn oòrùn àárọ̀ àti ibòòji ọ̀sán. Òdòdó rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ aró àti àlùkò, ó sì máa ń lo oṣù mélòó kan kí ó tó kú, tí irúgbìn rẹ̀ á sì hù fúnra rẹ̀. Begonia wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yá láti bomi rin, torí omi àpọ̀jù ló ń pa á.

Peace lily gbajúmọ̀ gan-an, àwọn tó ń tà á sì máa ń sọ pé ibi dúdú ló fẹ́. Òótọ́ ni pé kì í kú níbẹ̀. Àmọ́ kí ó tó yọ òdòdó funfun rẹ̀, ó nílò ìmọ́lẹ̀ tó mọ níwọ̀n, irú èyí tí òjìji ọwọ́ yín ti hàn fírífírí lórí bébà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, gbogbo ewé rẹ̀ á wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bomi sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú á ti dìde. Anthurium, tí ó wá láti Kòlóńbíà àti Ecuador, kò fẹ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tó ki. Èédú wẹ́wẹ́, èèpo àgbọn gígé àti ilẹ̀dú díẹ̀ ni kí ẹ fi gbìn ín sínú ìkòkò. Nínú àwọn tó ń fara da ibòòji tó le díẹ̀, Eucharis ni mo gbà pé ó lẹ́wà jù: òdòdó funfun, òórùn dídùn. Ó fẹ́ kí ìkòkò há mọ́ òun, nítorí náà ẹ má tètè tú u gbìn.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ga, Pachystachys lutea máa ń gbé òdòdó àwọ̀ ìyeyè dúró ṣánṣán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Alpinia purpurata, tí ó jẹ́ ìbátan atalẹ̀, á yọ òdòdó pupa gígùn níbi tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ fún un láyè, torí ó ń gbilẹ̀.

Àwọn tó dùn mọ́ mi jù láti sọ̀rọ̀ nípa wọn nìyí: àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Thunbergia erecta, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, jẹ́ igi kékeré tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àlùkò, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì jẹ́ ìyeyè. Ó ń tanná dáadáa nínú ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́, a sì lè fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Scadoxus multiflorus ń sùn nínú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń yọ orí pupa róbótó kan tí òdòdó wẹ́wẹ́ tó lè tó igba kóra jọ sí. Crinum jagus fẹ́ràn ibòòji tó tutù, òdòdó rẹ̀ funfun, ó tóbi, ó sì ń ta sánsán. Tẹ̀tẹ̀ẹ̀gún tí àwọn bàbá wa fi ń ṣe oògùn pàápàá jẹ́ òdòdó ibòòji, ẹ̀gbẹ́ odò ló ti máa ń hù. Kódà ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ń tanná ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀, lábẹ́ ewé. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná yín bá tutù, ẹ gbìn ín síbẹ̀, ẹ ó tún rí ewé já.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbìn wọ́n tà ni kí ẹ ti rà wọ́n, tàbí kí ẹ tọrọ ìdí kan lọ́dọ̀ ẹni tó ní. Ẹ má wú wọn nínú igbó tí a dáàbò bò, bí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo tí UNESCO fi sínú àwọn ibi ogún àgbáyé ní 2005. Díẹ̀ ni irú igbó bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Bí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ bá wà nílé, ẹ fi èyí sọ́kàn: oje Peace lily, Anthurium àti caladium máa ń yún ẹnu àti ọ̀fun gidi gan-an, ìdí Scadoxus àti ti Crinum sì ní májèlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń pín wọn, kí ẹ sì gbìn wọ́n síbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré kò ní tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gbígbìn

Oṣù Kẹrin sí ìkẹfà ló dára jù, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn. Ẹ bomi rin òdòdó náà nínú àpò rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì àpò náà, ẹ ya ọ̀rá rẹ̀ kúrò pátápátá (mo ti rí òdòdó tí wọ́n gbìn tọ̀rátọ̀rá), kí ojú ilẹ̀ rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti ihò. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ bomi sí i, kí ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ara òdòdó.

Ẹ gbìn ín ní ìṣù-ìṣù, irú kan náà mẹ́ta tàbí márùn-ún pa pọ̀. Òdòdó funfun àti ìyeyè máa ń tètè hàn nínú ibòòji, àlùkò àti aró máa ń pòórá síbẹ̀ tí wọ́n bá dá wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Omi àti oúnjẹ

Ẹ má bomi rin nítorí pé ọjọ́ ti pé. Ẹ ki ìka bọlẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi sí i títí yóò fi rinlẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin, ìdí ni kí ẹ bu ú sí, nítorí ewé tó bá sùn mọ́jú pẹ̀lú omi lára máa ń bu. Lábẹ́ igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó bomi rin ju ibòmíràn lọ, nítorí igi náà ń bá òdòdó pín in. Àwo tó wà lábẹ́ ìkòkò, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ó kéré tán, kí ẹ̀fọn má bàa rí ibi yé ẹyin sí.

Ajílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Òdòdó ibòòji kì í yára dàgbà, kì í sì í jẹun púpọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ewé jíjẹrà sí ìdí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nínú oṣù Kẹsàn-án, ti tó. Bí òdòdó yín bá ń rúwé yọ̀yọ̀ tí kò tanná, ohun méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò: ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, àti ìgbẹ́ adìẹ tàbí yúríà tó pọ̀ jù. Ẹ dáwọ́ ajílẹ̀ dúró, kí ẹ sì gbé ìkòkò sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ tó sọ pé kò dára.

Kòkòrò àti ìgbín

Ìgbín ni ọ̀tá àkọ́kọ́ níbi tó tutù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lálẹ́ lẹ́yìn òjò, kí ẹ ṣà wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́, èyí tó bá tóbi sì mọ ọ̀nà ìkòkò ọbẹ̀. Kòkòrò funfun olówùú tó ń lẹ̀ mọ́ oríkèé ẹ̀ka, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi ọṣẹ nù ún kúrò, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ọyẹ́, kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tí ojú kò fẹ́ẹ̀ rí máa ń fa oje abẹ́ ewé. Omi tí ẹ fọ́n sábẹ́ ewé láàárọ̀ máa ń lé wọn.

Títọ́jú rẹ̀ láàárín ọdún

Ẹ máa já òdòdó tó ti rọ, kí òmíràn lè yọ. Nínú oṣù Kọkànlá, ewé Scadoxus á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kò kú o. Ẹ dáwọ́ omi dúró, kí ẹ sì ri igi sí ojú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọkọ́ gé e. Impatiens tó bá ti ga tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé e kù ní ìdajì nínú oṣù Kẹta, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ gé gbin òmíràn. Ní ọdún méjì méjì, nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa, ẹ wú Peace lily tó ti há, ẹ fi ọ̀bẹ mímú pín ìdí rẹ̀ sí mẹ́ta, kí apá kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò àti ewé tirẹ̀. Ẹ gbin ọ̀kan padà sínú ilẹ̀dú tuntun, ẹ fi ọ̀kan sí abẹ́ igi kejì, kí ẹ sì gbé ọ̀kan fún aládùúgbò tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń ju òjìji sínú àgbàlá yín.